Èrò Mi Lórí Ìtàn Àròsọ Mẹ́ta, àti Ìbéèrè Kan Láti Arámọkọ

Ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta ni mo tún kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín ọdún tí ó kọjá: Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní àkókò kan náà, àti Ó Le Kú, iṣẹ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó jáde ní 1974. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó ti kà wọ́n rí, tàbí tí ó ti fi wọ́n kọ́ ọmọ. Nítorí náà, n kò ní tún ìtàn wọn pa. Èrò ọkàn mi ni mo fẹ́ sọ, àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Òkédìjí ni mo gbà pé ọwọ́ rẹ̀ já gaara jù. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àti Tàfá Ìgírípá tí ń bá a rìn, kò jọ ẹni inú ìwé rárá. Wọ́n jọ ẹni tí a bá wọ ọkọ̀ kan náà ní gáréèjì. Ohun tí ó wù mí jù ni bí wọ́n ti ń fi òwe ṣeré. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ni wọn yóò pa, wọn yóò sì yí ìdí rẹ̀ padà, tí òǹkàwé yóò fi rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Àwọn olùkọ́ kan a máa kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má ba òwe jẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ òwe dunjú kò lè yí i po. Àléébù kan ṣoṣo ni mo rí: orí a máa kó Lápàdé yọ jù nígbà tí ewu bá dé góńgó.

Nípa Ó Le Kú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí Túndé Kèlání ti sọ ọ́ di sinimá ní 1997. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀ dùn, ó sì bá ọjọ́ rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n Àjàní fúnra rẹ̀ a máa sú mi. Ó ń ti ọ̀dọ̀ obìnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, kò lè yàn, n kò sì rí ìdí tí n ó fi bá a kẹ́dùn.

Ọmọ Olókùn Ẹṣin ni ó gba oorun lójú mi. Fálétí mú wa lọ sí Òkè-Ògùn, sí àárín àwọn ènìyàn tí ń sin ọba mìíràn. Àjàyí kọ̀, kò pa koríko fún ẹṣin àwọn ọ̀gá, láti ibi kékeré yìí sì ni ìjà òmìnira ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọgbọ́n yìí. Òǹkọ̀wé mìíràn ìbá ti fi ìbọn àti ọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀. Koríko ni Fálétí fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtìjú ojoojúmọ́ ni í sún ènìyàn dé ibi tí kò ti ní ka ikú sí mọ́.

Ìwé yìí ni èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń jíròrò lé lórí nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Arámọkọ, bèèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé kì í ṣe ìtàn Fábùnmi nìyí?” Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ní 1878, ní Òkèmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ṣọ́ ìlú. Ohun tí àwọn ajẹ́lẹ̀ àti ìránṣẹ́ wọn ń ṣe nínú ilé onílé ti sú àwọn ènìyàn. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà para pọ̀, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn, ìró ìbọn ńlá ni a sì fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ni a tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, àwọn jagunjagun kò sì túká tán títí di 1893. Àwọn òpìtàn ti ṣe tiwọn lórí rẹ̀. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni kí ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn Fábùnmi ní alẹ́ tí ó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà sọ ni ó dùn mí jù. Ó ní bí òun bá fẹ́ kọ ọ́, ṣé Yorùbá inú ìwé ni Fábùnmi yóò máa sọ? Láti ìgbà tí a ti parí ìtumọ̀ Bíbélì ní 1884 ni èdè ìwé wa, tí ó sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ jù, ti fi ìdí múlẹ̀. N kò bá a jà. Bí kò bá sí i, ará Ìjerò àti ará Abẹ́òkúta kò ní lè jọ ka ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ulé ni wọ́n ń pe ilé ní Ìjerò, ùlú ni wọ́n ń pe ìlú. Bí ọmọ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, gègé pupa olùkọ́ yóò kọjá lára rẹ̀, kò sì burú. Ohun tí ó burú ni pé ọmọ náà a máa rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá òun kò yẹ fún ìwé kankan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hardy fi èdè àwọn àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀ sí wọn lẹ́nu, ó sì fi èdè ìwé sọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wà lókè òkun, ìwé rẹ̀ wà lára àwọn tí a fi ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ fún wa. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀rù ni pé kí a má baà lo ohùn Èkìtì fún àpárá nìkan, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nínú eré orí ìtàgé.

Mo ti rán akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lọ sílé ní àkókò ìsinmi yìí, ọ̀kan sí Ìjerò, ọ̀kan sí Ẹ̀fọ̀n, méjì sí Arámọkọ. Kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pe ohun ìjà àtijọ́ àti oúnjẹ ibùdó ogun sílẹ̀, àti bí aya ti í kí ọkọ tí ń lọ sójú ìjà. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní agbègbè náà, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, láìtún un ṣe.