Kí Ọmọ Wa Tó Dé SS3: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ẹ̀kọ́, Ìlera Ọkàn àti Ipò Aṣáájú Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Girama ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, díákónì kan nínú ìjọ wa ní Òkìtìpupa mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi kí n lè bá wọn wo ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀ JAMB. Ọmọ náà wà ní SS3, ó gbọ́n, ó sì níwà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó fẹ́ kọ́. Láti kékeré ni ó ti ń wí i. Mo bi í léèrè àwọn iṣẹ́ tí ó ń kọ́ ní kíláàsì. Ó ka Lítíréṣọ̀, Ẹ̀kọ́ Ìjọba, Ìmọ̀ Bíbélì, Yorùbá àti Báyọ́lọ́jì. Kò sí Kẹ́místìrì níbẹ̀, kò sí Físíìsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó bá lọ sí ẹ̀ka Áàtì nígbà tí wọ́n wọ SS1, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ìdí. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Èmi tí mo ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láàárín àwọn akọrin, n kò béèrè rí.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọmọ náà kò dá wà. Láti Òkìtìpupa títí dé Ìgbọ́tákò, Ìlútitun, Òde-Ayé àti Òde-Ìrèlè, owó ilé ẹ̀kọ́ ni gbogbo òbí ń lé kiri. Ìyá ń yan pupuru nínú èéfín, bàbá ń kọ ẹyìn lóko ọ̀pẹ, ẹlòmíràn ń gun ọ̀kadà láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí Ọlọ́run ti fẹ́, owó náà a máa pé. Ohun tí kì í sábà wáyé ni kí bàbá àti ọmọ jókòó, kí wọ́n béèrè ibi tí ìwé tí ọmọ ń kà lọ́wọ́ yóò gbé e dé. Olúwa wa pàápàá fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. A máa ń wàásù lórí rẹ̀ nígbà tí ìjọ bá fẹ́ kọ́ ilé ìsìn tuntun. Mélòó nínú wa ni ó ti fi wàásù nípa ọmọ SS1?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀nà náà ti rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí orí ti ń funfun ni ó kàwé lábẹ́ ètò mìíràn, nígbà tí girama jẹ́ ọdún márùn-ún gbáko. Ní 1982 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó pín girama sí ọ̀nà méjì, ọdún mẹ́ta ti kékeré àti ọdún mẹ́ta ti àgbà. Láti ìgbà náà ni ìkóríta ti bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ SS1. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ń dúró síbẹ̀, tí yóò yan sáyẹ́ǹsì, Áàtì tàbí ìṣòwò. Yíyàn yìí ni WAEC àti NECO yóò fi dán an wò ní òpin ọdún kẹta, òun náà ni JAMB yóò sì bèèrè. Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìṣègùn tàbí ìpoògùn gbọ́dọ̀ ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místìrì àti Físíìsì. Ẹni tí yóò kọ́ òfin kò gbọdọ̀ fi Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kò ṣeé kọ́ láìsí Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́místìrì. Ẹni tí ó ń retí láti di olùṣírò owó yóò mú Ìṣirò àti Ètò Ọrọ̀ Ajé dání. Bí ẹnu ọ̀nà wọ̀nyí bá ti tì ní SS1, àdúrà ìṣọ́ òru ní SS3 kò ní ṣí wọn. Ọdún mìíràn ni ọmọ yóò fi ṣí wọn.

Ìdánwò JAMB fúnra rẹ̀ ní ohun tí ó yẹ kí a mọ̀. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀ranyàn. Ìbéèrè 180 ni yóò dáhùn láàárín wákàtí méjì, 400 sì ni àpapọ̀ máàkì. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni gbogbo wọn ti ń ṣe é, WAEC náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí ó ń dá ṣe ìdánwò láti 2024. Ọmọ tí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yóò fi ìdajì àkókò rẹ̀ wá lẹ́tà kiri. Ìjọ tí ó bá ní kọ̀ǹpútà méjì nínú ọ́fíìsì lè ṣe ọ̀pọ̀ oore ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkàn, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2025. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, JAMB gbé èsì jáde. Nínú àwọn ọmọ tí ó lé ní mílíọ̀nù 1.9, àwọn tí kò ní tó 200 lé ní mílíọ̀nù 1.5. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí èsì yìí. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà ni ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, dúró níwájú àwọn oníròyìn tòun ti omijé, ó sì jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ wọn. Àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìbò márààrún ni ọ̀rọ̀ náà kàn, a sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ní oṣù kẹjọ, WAEC sọ pé àwọn tí ó gba krédíìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò jẹ́ 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní àṣìṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú, iye náà sì di 62.96.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sí lára àwọn tí ó tún JAMB ṣe ní ọdún náà. Síbẹ̀, nínú ilé tiwa pàápàá, mo mọ àwọn ọmọ tí kò lè jẹun fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí èsì jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, nínú ọmọ méje tí ó wà láàárín ọdún mẹ́wàá sí mọ́kàndínlógún, ọ̀kan ní àìlera ọkàn tàbí ti ọpọlọ. Ẹ ka iye ọ̀dọ́ tí ó jókòó ní ìjọ yín ní ọjọ́ Àìkú, kí ẹ fi méje pín in.

Àwọn àmì rẹ̀ kò le mọ̀ bí a bá ń wo ọmọ lójú. Ọmọ tí ó máa ń ṣeré tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó. Oorun rẹ̀ yóò dàrú. Inú yóò máa bí i lórí ohun kékeré. Yóò fi ohun tí ó fẹ́ràn sílẹ̀. Nígbà mìíràn yóò sọ pé bóyá ó sàn kí òun má sí. Bí ọmọ bá sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, kí òbí má ṣe na án, kí ó má sì sọ pé ìwà ọmọkọ́mọ ni. Kí ó bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ń rò láti pa ara rẹ̀, kí ó má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ó sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè náà kò ní ti ọmọ sínú rẹ̀ bí àwọn kan ti ń bẹ̀rù. Ẹ̀yin àlùfáà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: ẹ gbàdúrà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí a bá sọ fún un pé ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀ ni, a ti fi ẹ̀rù kún ẹrù.

Oorun náà ṣe pàtàkì. Ọmọ girama nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lálẹ́. Mo ti rí ìjọ tí ó pe àwọn ọmọ SS3 sí ìṣọ́ òru ọjọ́ mẹ́ta léraléra ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, tí a fi òróró yan bírò wọn, tí wọ́n sì ń tòògbé lórí ìwé ìbéèrè. N kò sọ̀rọ̀ òdì sí òróró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ta á sí bírò ní ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ sì lọ sùn.

Ohun kan tí ó dùn mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ibùdó ìdánwò tí àwọn ènìyàn ń pè ní mírákù, níbi tí a ti ń san owó kí olùkọ́ lè kọ ìdáhùn fún ọmọ. Orúkọ tí ó yẹ Ọlọ́run ni a fi pe olè jíjà. Òfin ti wà lórí rẹ̀ láti 1999, WAEC sì lè fagi lé èsì gbogbo ibùdó kan, àti ti ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn òbí kan nínú ìjọ ń san owó yìí. Wọ́n mọ ara wọn.

Ní ti ipò aṣáájú, ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọ́kọ́ di olórí, yálà olórí akẹ́kọ̀ọ́, olórí yàrá tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Ohun tí ó bá rò pé ipò túmọ̀ sí ní ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ṣeé ṣe kí ó gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba. Bí ó bá jẹ́ pé kí àwọn ọmọ kékeré máa pọnmi fún un, kí wọ́n sì máa kúnlẹ̀ lórí òkúta ni, Rèhóbóámù kékeré ni a ń tọ́. Ní ìjọ wa, a fún ọmọ SS2 kan ní ìwé owó ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ láti pa mọ́, pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ní oṣù kejì, igba náírà dín. Ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé òun fi wọ ọkọ̀, ó sì san án padà. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ yòókù rí kọ́ nínú rẹ̀ ju ìwàásù mi lọ.

Kí àwọn òbí sì fẹ ojú wọn sí i. Gbogbo ilé ni ó fẹ́ dókítà tàbí lọ́yà. Olóògbé Olúṣẹ́gun Agagu, ọmọ Ìjù-Odò tiwa tí a bí ní 1948, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ni ó kà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìmọ̀ tí òbí púpọ̀ kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ó fi í ṣe olùkọ́ yunifásítì, ó di mínísítà, ó sì jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 2008 nígbà ìṣàkóso rẹ̀ ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ilẹ̀ kan náà tí ó kà nípa rẹ̀ ni ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì wà nínú rẹ̀ ní Àgbábú, nítòsí wa níbí.

Bí owó bá sì jẹ́ ìdíwọ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NELFUND ti ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lówó láti 2024, láìsí èlé. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí ọmọ bá ti rí iṣẹ́, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà. Gbèsè ni ṣá o. Kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ọmọ díákónì wa yege nínú WAEC rẹ̀ ní ẹ̀ka Áàtì. Lẹ́yìn náà ni ó lo ọdún kan lọ́dọ̀ olùkọ́ kan nínú ìjọ, ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà láàárọ̀, ó sì ń kọ́ Kẹ́místìrì àti Físíìsì nírọ̀lẹ́. Ó gba Kẹ́místìrì. Físíìsì kò bọ́ sí i. Mo sọ fún un pé èmi náà ṣe Ìṣirò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà á, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò tún Físíìsì ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá bọ́ sí i, òun yóò lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Adéyẹmí ní Oǹdó. Bàbá rẹ̀ ti ní kí a jọ wo ohun tí ìyẹn náà ń bèèrè, a sì ti fi í sí ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀. Àbúrò rẹ̀ tí yóò wọ SS1 lọ́dún yìí ń bá a bọ̀.