Honda ni ọkọ ń fẹ́, Toyota ni ìyàwó ń fẹ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó

Owó kọpurétíìfù ti bọ́ sọ́wọ́, ìyàwó ti fi owó àjọ tirẹ̀ lé e, àwọn ọmọ sì ti ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ wọn níléèwé pé àwọn ò ní í wọ dáńfó mọ́. Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá á ní Honda Accord lòun fẹ́, ìyá àwọn ọmọ á ní kí wọ́n ra Toyota Camry, nítorí òun ni ọkọ ọ̀rẹ́ òun ń gùn látọdún yìí wá, kò sì dà wọ́n láàmú. Bàbá á ní obìnrin ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Ìyá á ní ṣebí owó tòun náà wà níbẹ̀. Ìjà yìí kò sí àdúgbò tí wọn kì í ti í jà á l'Ékòó, n'Íbàdàn, l'Ábẹ́òkúta.

Bẹ́ẹ̀, mọ́tò méjèèjì yìí ló gba ipò tí Peugeot 504 wà láyé ọjọ́sí, nígbà tí wọ́n ń tò ó ní Kaduna, tí ẹni tó bá ń gùn ún kì í ṣe ọmọdé ládùúgbò. Ìdí tí wọ́n fi pọ̀ nílẹ̀ yìí kò ṣòro láti mọ̀. Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ wa ti ń wá, àwọn méjèèjì ló sì kún ìgboro níbẹ̀. Láti ọdún 1982 ni Honda ti ń ṣe Accord ní Marysville, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Toyota náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Camry ní Georgetown, ní Kentucky, lọ́dún 1988. Lọ́dún 1997, Camry ló tà jù nínú gbogbo mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀, Accord já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 2001, nígbà tó sì di 2002, Camry gba nǹkan ẹ̀ padà.

Àwọn ará ilé wa ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ka ọdún mọ́tò, orúkọ ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Camry 2002 sí 2006 ni "Big Daddy", èyí tó tẹ̀lé e ni "Muscle". Accord 1998 sí 2002 ni "Baby Boy", ti 2003 ni "End of Discussion", bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tán o, nítorí nígbà tí Honda tún iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fún ọdún 2006, àwọn èèyàn ní "Discussion Continues". Ti 2008 ni wọ́n wá sọ ní "Evil Spirit", orúkọ tí ìyá àgbà kan ò ní í fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun jókòó sínú ẹ̀. Big Daddy àti End of Discussion ni owó òṣìṣẹ́ ṣì lè ká, nítorí náà, àwọn méjì yìí ló yẹ kí tọkọtaya gbé yẹ̀ wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ epo ló ṣáájú, nítorí òun ló ń gbọ́n owó lápò. Kó tó di ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Táǹkì Camry yìí ń gba nǹkan bíi 70 lítà, ti Accord ń gba nǹkan bíi 65. Ẹni tó bá ra lítà kan ní 1,000 náírà, tó ní kí wọ́n kún un, 70,000 náírà ló gbé fún ọmọ ilé epo yẹn.

Àmọ́ kò yẹ kí tọkọtaya torí epo jà. Bí méjèèjì bá jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, ẹ́ńjìnnì 2.4 ló wà nínú wọn, agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 157 fún Camry, 160 fún Accord, bí wọ́n sì ṣe ń mu epo kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí padà ni púlọ́ọ̀gì mẹ́fà, ìyẹn V6. Accord V6 ní agbára ẹṣin 240. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan kò ní í gbàgbé, àpò rẹ̀ náà ò sì ní í gbàgbé. Nǹkan mìíràn tún ni pé ṣéènì irin ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì àwọn onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin yìí, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń yí ti V6 àwọn méjèèjì. Bẹ́líìtì máa ń gbó. Bó bá já lójú ọ̀nà nínú Honda V6, ó lè ba fáàfù inú ẹ́ńjìnnì jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Gíà ló tún kù. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2004, Honda fúnra rẹ̀ kéde ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún mọ́tò padà wá, nítorí gíà kejì wọn lè gbóná jù, kí eyín rẹ̀ kán, kí ọkọ̀ há lójú eré. Accord V6 ti 2003 àti 2004 wà lára wọn, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ léèrè bí ẹni tó ń ta mọ́tò bá sọ pé òun máa yọ owó díẹ̀ kúrò lórí V6. Yàtọ̀ síyẹn, Honda ní ọ́ìlì gíà tirẹ̀, Toyota ní tirẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá rọ èyíkéyìí tó rí ní ṣọ́ọ̀bù sí i ti bẹ̀rẹ̀ ìnáwó mìíràn fún ẹni ẹlẹ́ni.

Kí ẹni tó fẹ́ràn Toyota má tíì rẹ́rìn-ín o. Camry 2.4 yìí ní àìsàn tirẹ̀. Àwọn bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀ máa ń tú nínú òmíràn, nítorí ojú ihò tí wọ́n wọ̀ sí á ti jẹ. Omi á máa dín nínú rẹdíétọ̀ láìjẹ́ pé ó ń jò sílẹ̀, ọkọ̀ á máa gbóná, mẹkáníìkì á sì ní tọ́ọ̀pù gáásìkẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, lẹ́yìn oṣù méjì ó tún dé. Ẹni tó bá lọ wo Camry, kó rí i pé wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù kí òun tó dé ibẹ̀. Bí olówó ọjà bá ti tan mọ́tò sílẹ̀ dè é, tó ti gbóná kalẹ̀, ìdí wà níbẹ̀.

Ní ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Accord máa ń di ọ̀nà mú, ó sì dùn ún wà ju Camry lọ, ṣùgbọ́n ohun tó mú kó dùn ún wà ni pé iwájú rẹ̀ ní apá lókè àti nísàlẹ̀, ti Camry kò ní ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Gbogbo apá yẹn ló ní róbà àti ìsopọ̀ tí kòtò ń jẹ. Ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà tó bàjẹ́ lójoojúmọ́, tó bá fi máa di ọdún kejì, á ti dojúlùmọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ladipo. Búùtù Camry náà tún gba ẹrù jù, àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bèèrè rárá ló léwu jù, ìyẹn éà báàgì inú sítíárìn. Ilé iṣẹ́ Takata ti Japan ló ṣe èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Accord láti 2001 sí 2007. Irin tó gbé oògùn tó ń fẹ́ báàgì náà lè bú gbàmù nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kí ó sì fọ́n àjákù irin sí ọrùn àti ojú awakọ̀. Ó ti pa èèyàn tó ju 20 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Takata fúnra rẹ̀ wọ gbèsè ńlá lọ́dún 2017 nítorí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó kan wa níbẹ̀ ni pé ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba oògùn yẹn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì kọ́kọ́ sáré bá. Ta ló wá ní ooru àti ọ̀rinrin tó Èkó? Corolla 2003 náà wà nínú ọ̀ràn yìí, kì í ṣe Honda nìkan.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Nọ́ńbà ṣáṣíì wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Mẹ́tàdínlógún ni. Kí olúwarẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tẹ̀ ẹ́ síbi tí àjọ NHTSA tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà ṣí sílẹ̀ fún un, á rí i bí wọ́n bá ti pààrọ̀ éà báàgì yẹn tàbí wọn ò tíì pààrọ̀ ẹ̀. Kí ó sì wo iná éà báàgì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá tan mọ́tò, ó yẹ kí iná náà tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́ nìyẹn.

Nọ́ńbà ṣáṣíì yìí kan náà ló ń tú àṣírí àwọn tó ń purọ́ ọdún. Ìkẹwàá nínú rẹ̀ ni ọdún mọ́tò: 3 ni 2003, 6 ni 2006. Ẹni tó bá ní "Discussion Continues" lòun ń tà, tó wá jẹ́ 3 ló wà níbẹ̀, iná ẹ̀yìn nìkan ló pààrọ̀. Kí wọ́n tún bèèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, nítorí láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2017, ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè ilẹ̀ wọlé, ọ̀nà Kútọnu tí gbogbo wa mọ̀ yẹn náà sì wà nínú ẹ̀.

Bí ọdún wọn bá dọ́gba, Camry máa ń wọ́n díẹ̀ ju Accord lọ, tó bá sì di ọjọ́ àtità, kì í pẹ́ lórí ìdúró. Ilé tí ọmọ mẹ́ta wà, tí bàbá ń lọ síbi iṣẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ìyá ń ru ẹrù ọjà, Camry onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ló bá a mu. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò lórí ọ̀nà tó dáa, tó fẹ́ràn kó máa wa mọ́tò, tó sì ní mẹkáníìkì tó mọ Honda, Accord onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin kò ní í já a kulẹ̀, bó bá ti rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ éà báàgì rẹ̀. V6 nínú méjèèjì, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í wo iye tí ẹ̀rọ epo ń kà.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyá àwọn ọmọ ló máa ń jàre, wọ́n á kàn ní kí bàbá lọ mú àwọ̀ tó bá wù ú. Ọmọ tó bá bi bàbá ẹ̀ pé Honda tó ń sọ lọ́jọ́sí ńkọ́, kó lọ bi ìyá ẹ̀.