Kíṣíìnì tó rẹwà nínú fọ́tò, tí ìyá mi ò lè lò

Nígbà tí mo fẹ́ tún kíṣíìnì ìyá mi ṣe ní Idasen, l'Ọ̀wọ̀, inú fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kó fọ́tò jọ: kábọ́ọ̀dù funfun tó ń dán, tó ga kan àjà, tí kò ní ibi tí èèyàn máa fi ọwọ́ dì mú. Mo fi ránṣẹ́ sí kàfíńtà kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀sì, kò sí wàhálà." Ó yẹ kí ara ti fu mí níbẹ̀ yẹn. Kàfíńtà tí kò béèrè ẹni tó máa dáná níbẹ̀!

Wọ́n parí ẹ̀, mo yà á ní fọ́tò, mo gbé e sórí status. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó títí. "Ó mà dáa o, ọmọ mi. Níbo ni màá gbé odó sí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Táìlì ló wà nílẹ̀ látòkè délẹ̀, odó á sì fọ́ ọ. Orí kábọ́ọ̀dù náà ga tó nǹkan bíi 90 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n tí àwọn òyìnbó sábà máa ń lò, bẹ́ẹ̀ màámi ò ga. Bí wọ́n bá gé ẹ̀fọ́ níbẹ̀, èjìká á máa ro wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n padà sẹ́yìnkùlé lọ dáná.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, pákó abẹ́ síńkì ti wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. MDF ni. Igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀ ni, kò sì burú fún wọ́dúróòbù inú yàrá. Ṣùgbọ́n tí omi bá ti gba etí ẹ̀ tí wọn ò bò dáadáa wọlé, ó parí nìyẹn. Ẹ wá wò ó, ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọkọ̀ agbégẹdú ti ń kọjá lójú wa!

Bàbá kàfíńtà kan láàárín Ọ̀wọ̀ ló wá tún un ṣe. Bàbá ò tiẹ̀ wo fóònù mi. Wọ́n ní kí màámi dúró, kí wọ́n ká apá bí ẹni tó fẹ́ gé àlùbọ́sà. Wọ́n wọn ìgúnpá sí ilẹ̀, wọ́n yọ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kúrò, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri. Wọ́n béèrè ọwọ́ tí màámi fi ń ro ọkà, àti iye èèyàn tó máa ń wọ kíṣíìnì lọ́jọ́ ọdún. Mo fẹ́ dá sí i, bàbá ní, "Ẹ̀yin lẹ ń sanwó o, ìyá yín ni mò ń bá ṣiṣẹ́."

Igi apá ni wọ́n lò. Wọ́n gbẹ́ ihò sí ọ̀kan, wọ́n ki orí èkejì bọ̀ ọ́, ìṣó ò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù, kí omi tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ má bàa kàn án, kí ikán sì rìn jìnnà. Abẹ́ síńkì, wọn ò fi igi kankan síbẹ̀, àfi ilẹ̀kùn. Ní igun kan, wọ́n da kọnkéré tó nípọn láìlẹ táìlì. Ibẹ̀ ni odó wà báyìí. (Ọ̀wọ̀ náà ni o, ìlú tí iṣẹ́ eyín erin tí àwọn agbẹ́nà rẹ̀ ayé àtijọ́ gbẹ́ wà ní British Museum dòní.)

Àwọn òyìnbó tí à ń wò kọ́ṣe gan-an, wíwọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, obìnrin ará Austria, ya kíṣíìnì kan fún ìlú Frankfurt ní Jámánì. Ó ka ìṣísẹ̀ ẹni tó ń dáná, ó fi aago wo àkókò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ nǹkan bí 10,000 irú ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló bá mu, èèyàn méjì ò lè ráyè níbẹ̀. Ẹ gbé ìyẹn wá sí Idasen lọ́jọ́ ọdún, ká wo bó ṣe máa rí.

Owó bàbá ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì ná an dọ́ba kí n tó san án. Nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn funfun méjì ló kù. Màámi ti fi wọ́n ṣe ilẹ̀kùn ilé adìyẹ. Àwọn yẹn náà ti ń wú.