Owó òyìnbó àtijọ́ tó wà nínú àpótí màmá yín: èwo ló lówó lórí, èwo lẹ ṣì lè pààrọ̀?

Fídíò kan wà tó máa ń yọ lórí WhatsApp ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá pa á rẹ́ níbí, á tún jáde lọ́hùn-ún. Ẹnì kan á gbé owó onírin kan tí orí Ọbabìnrin Elizabeth wà lára ẹ̀ síwájú fóònù, á ní ẹni tó bá ní irú ẹ̀ nílé ti di olówó, pé àwọn òyìnbó ń wá a lójú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló máa ní kẹ́ ẹ fi owó ìforúkọsílẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lè bá yín wá oníbàárà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀rọ̀ yẹn náà ń ṣẹlẹ̀, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n ń da owó gidi nù. Bàbá tó ti ṣiṣẹ́ ní London rí kú, àwọn ọmọ ṣí àpótí, wọ́n bá pọ́n-ùn oníbébà níbẹ̀. Wọ́n gbé e lọ bá àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là, ìyẹn ní kò wúlò mọ́, tàbí kó ní tí wọ́n bá gbà, òun á rà á ní ìdá mẹ́rin iye ẹ̀. Wọ́n á gbà, wọ́n á tún dúpẹ́.

Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lórí owó àtijọ́. Ṣé báńkì tó tẹ̀ ẹ́ ṣì ń gbà á? Ṣé àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń wá a? Owó kan lè rí "bẹ́ẹ̀ ni" gbà fún ìbéèrè kìíní kó rí "rárá" gbà fún ìkejì. Pé owó náà ti pẹ́ kò sì dáhùn ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ bébà wò

Gbogbo owó tí Bank of England ń tẹ̀ báyìí, onírọ́bà ni. Wọ́n kásẹ̀ bébà 5 pọ́n-ùn nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ti 10 pọ́n-ùn ní oṣù Kẹta ọdún 2018, nígbà tó sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ti 20 àti 50 náà tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó pọn dandan fún láti gbà á. Àmọ́ pé owó kò ṣeé ná ní ṣọ́ọ̀bù kò sọ pé ó ti kú o. Gbogbo bébà tí Bank of England ti tẹ̀ jáde rí ló ń gbà padà, iye tó wà lára ẹ̀ ni wọ́n sì máa san, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bébà 1 pọ́n-ùn tí wọ́n kó kúrò níta ní 1988 gan-an wà lára ẹ̀. Ẹ gbé e lọ, wọ́n á fún yín ní 1 pọ́n-ùn.

Káńtà wọn wà ní òpópónà Threadneedle ní London, ẹ sì lè fi owó náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Wọ́n á béèrè ìwé ìdánimọ̀. Fún àwa tá a wà nílé, ohun tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ kó o fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé lọ́hùn-ún nígbà tó bá wálé. Kẹ́ ẹ jọ kà á kó tó wọ bàágì, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò nọ́ńbà ara ẹ̀. Ọmọ ìyá ni yín lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó lèyí.

Bébà kan wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ sáré gbé lọ sí Threadneedle: 5 pọ́n-ùn ńlá kan, funfun báláú, tí wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ̀wé sí ojú kan ṣoṣo, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo. White Fiver ni wọ́n ń pè é, láti 1961 ni kò ti ṣeé ná mọ́. Báńkì á fún yín ní 5 pọ́n-ùn, nígbà tí àwọn tó ń kó owó jọ máa ń san ìlọ́po ìlọ́po ìyẹn bí bébà náà bá ṣì dáa. Ìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò kéré. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Hitler kó àwọn Júù tó wà lẹ́wọ̀n jọ sí àgọ́ Sachsenhausen ní Jámánì, wọ́n fipá mú wọn máa tẹ ayédèrú owó yìí kí wọ́n lè fi ba ọrọ̀ ajé Ìlú Ọba jẹ́. Operation Bernhard lorúkọ tí wọ́n fún un. Ayédèrú náà jọ ojúlówó débi pé Bank of England kó bébà 10 pọ́n-ùn àti gbogbo èyí tó jù ú lọ kúrò níta. Lónìí, owó gidi làwọn èèyàn fi ń ra ayédèrú yẹn. Ayé!

"Ayédèrú nìyí, orí ọbabìnrin dà?"

Ohun tí wọ́n sọ fún obìnrin kan lójú mi nìyẹn nígbà tó mú bébà 20 pọ́n-ùn láti Skọ́tláńdì jáde. Kì í ṣe ayédèrú. Ní Skọ́tláńdì, báńkì mẹ́ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa tẹ owó tiwọn: Bank of Scotland, Royal Bank of Scotland àti Clydesdale Bank. Pọ́n-ùn kan náà ni pẹ̀lú ti London, iye kan náà ni, àwòrán ló yàtọ̀. Lára bébà Bank of Scotland, Walter Scott tó ń kọ ìwé ìtàn lẹ máa rí. Ní 1826, àwọn aṣòfin London fẹ́ fòfin de bébà tí iye ẹ̀ ò tó 5 pọ́n-ùn. Scott fi orúkọ bòńkẹ́lẹ́ kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn, ó bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n títí wọ́n fi fi bébà 1 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún Skọ́tláńdì. Royal Bank of Scotland ṣì tẹ bébà 1 pọ́n-ùn fún ìgbà kan lẹ́yìn tí London ti pa tiẹ̀ tì.

Èyí tó kàn wá jù ni bébà 10 pọ́n-ùn ti Clydesdale Bank tí wọ́n ń ná láti ìparí àwọn ọdún 1990. Mary Slessor ló wà níwájú ẹ̀, obìnrin míṣọ́nnárì tó dàgbà ní Dundee, tó wá gbé Calabar, tó bá wọn jà lórí pípa ìbejì, tó sì kú síbẹ̀ ní 1915. Tẹ́ ẹ bá yí i sẹ́yìn, máàpù agbègbè Calabar lẹ máa rí. Owó Skọ́tláńdì tí ilẹ̀ Nàìjíríà wà lára ẹ̀! Kì í ṣe owó tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ní ọ̀kan tó mọ́ tónítóní, n ò ní tà á. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ tiẹ̀ kó mọ̀ pé Bank of England kì í gba bébà Skọ́tláńdì; báńkì tó tẹ̀ ẹ́ lẹ máa gbé e padà lọ bá.

Àríwá Írẹ́láńdì, tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba, ní àwọn báńkì tó ń tẹ owó tiẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn, Northern Bank, ni àwọn adigunjalè kó 26.5 mílíọ̀nù pọ́n-ùn níbẹ̀ ní Belfast ní oṣù Kejìlá ọdún 2004. Báńkì náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kó gbogbo bébà wọn kúrò níta, wọ́n tẹ òmíràn pẹ̀lú àwọ̀ tó yàtọ̀. Danske Bank ni wọ́n ń jẹ́ báyìí.

Ẹ má pa ìyẹn pọ̀ mọ́ Orílẹ̀-èdè Olómìnira Írẹ́láńdì, tí olú ìlú ẹ̀ jẹ́ Dublin. Àwọn náà ní pọ́n-ùn tiwọn kí wọ́n tó bọ́ sínú Yúrò ní 2002. Bébà wọn tó lẹ́wà jù, lójú tèmi, ni èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1928, tí àwòrán Hazel Lavery wà lára ẹ̀. Ọkọ ẹ̀, John Lavery, ló yà á. Tẹ́ ẹ bá bá pọ́n-ùn Írẹ́láńdì nílé, ìròyìn ayọ̀ ni: Central Bank of Ireland ṣì ń gba bébà àti owó onírin, wọn ò sì fi ọjọ́ tí wọ́n máa dáwọ́ dúró sí i. 100 pọ́n-ùn wọn á di 126.97 Yúrò. London yàtọ̀ sí wọn, torí Bank of England kì í gba owó onírin rárá.

Owó onírin: níbi tí fídíò WhatsApp ti ń parọ́ jù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré, bóyá ẹ ò mọ̀ pé orúkọ owó yìí ṣì wà lẹ́nu wa. Kọ́bọ̀ tá à ń pè, "copper" òyìnbó ni, ìyẹn pẹ́nì oníbàbà. Tọ́rọ́ jẹ́ pẹ́nì mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà. Pẹ́nì 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 ló ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Bí Ìlú Ọba ṣe ń kà á nìyẹn títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1971. Àwa kà á bẹ́ẹ̀ títí náírà fi dé ní January 1973.

Ó wá ku Ọba Edward Kẹjọ. Ó gorí ìtẹ́ ní January 1936, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní December ọdún yẹn torí pé ó fẹ́ fẹ́ Wallis Simpson, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ti kọ ọkọ sílẹ̀. Kò tíì sí owó tó ní orí ẹ̀ lára tí wọ́n kó jáde fún ará ìlú ní Ìlú Ọba. Àpẹẹrẹ díẹ̀ péré ni Royal Mint, ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó wọn, ti ṣe. Ọ̀kan nínú ẹ̀, sovereign oníwúrà, ni ẹnì kan ra ní 1 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní 2020.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa ńkọ́? Àjọ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1912, ti rọ kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti ọ́nínì tó ní orúkọ ọba yìí lára ní 1936. Ihò ló wà láàárín wọn, wọn ò nílò àwòrán orí ọba, orúkọ nìkan ti tó. Bí àwọn ìyá ìyá wa ṣe fi ra ata nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí EDWARDVS VIII lára ẹ̀. Èló ni wọ́n ń rà á báyìí? Pọ́n-ùn díẹ̀, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Ọba kan náà o! Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n rọ fún wa, àpẹẹrẹ ti London ò tó nǹkan. Ohun tó ń gbé owó lérí ni pé kí ó ṣọ̀wọ́n, kí àwọn tó ń wá a sì pọ̀.

Ẹ tún wo pẹ́nì Ìlú Ọba. Ti 1967 ju 600 mílíọ̀nù lọ, wọn ò fẹ́ẹ̀ rí ẹni fún lọ́fẹ̀ẹ́. Ti 1933, ìwọ̀nba bíi mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n rọ. Wọ́n fi ọ̀kan sábẹ́ òkúta ìpìlẹ̀ ìjọ kan ní Middleton, Leeds; ní 1970 àwọn olè hú u lọ. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ní pẹ́nì 1933, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Fàdákà ló yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Sísì, ṣílè, ṣílè méjì àti half-crown Ìlú Ọba tó wà ṣáájú 1920 ní fàdákà ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 1920 dé 1946, ìdajì ló kù. Láti 1947, kò sí fàdákà níbẹ̀ mọ́ rárá. Half-crown kan tó ti 1919 wá á ní bíi gíráàmù 13 fàdákà gidi nínú, nítorí náà bí kò tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n, iye fàdákà ẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣílè tiwa tó ti 1913 sí 1919 wá náà, fàdákà gidi ni, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́ ní 1920. Ọdún tó wà lára owó náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ẹ má fọ̀ ọ́! Mo mọ bá a ṣe máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó idẹ. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí owó àtijọ́, ẹ ti gé iye ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, torí awọ ara ẹ̀ tó dúdú yẹn làwọn tó ń rà á fi ń mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ yí i. Ẹ fi sínú ìwé tó gbẹ, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ọ̀rinrin kì í dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester, ẹ máa wo ṣéńjì ọwọ́ yín. 50 pẹ́nì Kew Gardens ti 2009, 210,000 péré ni wọ́n rọ. Ní 2008, Royal Mint ṣi 20 pẹ́nì kan rọ, kò sí ọdún kankan lára ẹ̀. 2 pẹ́nì ti 1983 tí wọ́n kọ NEW PENCE sí dípò TWO PENCE náà wà lára àwọn tí wọ́n ń wá. 

Tó bá ti di pé ẹ fẹ́ tà, iye tí ẹni tó ń tà á kọ sórí eBay kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ lè kọ mílíọ̀nù sí i. Iye tí wọ́n tà á ní tòótọ́ ni kẹ́ ẹ wò, ààyè wà níbẹ̀ láti yan àwọn tí wọ́n ti tà tán. Fún owó tó bá jọ pé ó wúwo, bíi wúrà tàbí White Fiver, àwọn ilé gbàǹjo bíi Spink ní London máa ń wo fọ́tò. Ẹ ya iwájú àti ẹ̀yìn ní ojúmọmọ, kẹ́ ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Sovereign gidi máa ń wọn gíráàmù 7.98, nítorí náà òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò á ràn yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn méjì, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.