Bí Ẹ̀rọ Kékeré Bá Kọ̀ Láti Dún

Nígbà òjò, koríko a máa hù kíákíá yí ilé ká. Ní ayé àtijọ́, àdá ni a fi ń ṣán an. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ẹ̀rọ gé e. Ní Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ náà ni ó wà nínú jẹnẹrétọ̀ tí onígbàjámọ̀ àti aránṣọ ń tàn bí iná ìlú bá lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá kọ̀ láti dún, oúnjẹ òòjọ́ ẹni tí ó ni ín wà nínú ewu. Ẹlòmíràn a sáré lọ ra ẹ̀yà tí kò bàjẹ́, owó rẹ̀ a sì ṣòfò. Ó yẹ, nígbà náà, kí a mọ bí a ti í wá ìdí àìsàn ẹ̀rọ.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ elépo pẹtiróòlù kò lè ṣe aláìní: epo tí a pò mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tí ó yẹ, písítìn tí ó ń fún àdàpọ̀ náà mọ́ra, àti iná tí ó ń ta sí i ní àkókò rẹ̀ gan-an. Iná yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ní 1860, Étienne Lenoir lo ẹ̀ta iná mànàmáná nínú ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1902, Gottlob Honold, tí ó ń bá Robert Bosch ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe irú èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré ṣì ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Bí a bá fa okùn, irin òòfà tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ a gba ẹ̀bá kọ́ìlì kọjá. Kọ́ìlì a mú agbára iná pọ̀ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Agbára náà a sì fo àlàfo tóóró tí ó wà lẹ́nu pulọ́ọ̀gì. Òun ni ó ń tan epo.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni igbín fi ń gun igi. Ohun tí ó rọrùn jù ni kí a kọ́kọ́ wò. Ǹjẹ́ a ti ṣí suíìṣì? Ǹjẹ́ epo wà nínú táńkì, a sì ti ṣí ọ̀nà rẹ̀? Lẹ́yìn èyí, kí a tú pulọ́ọ̀gì, kí a wo ẹnu rẹ̀. Bí ó bá gbẹ lẹ́yìn tí a ti fa okùn lọ́pọ̀ ìgbà, epo ni kò dé ibẹ̀. Kí a wo kabúrétọ̀. Bí epo bá rin ín, yálà iná kò ta, tàbí epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, ó lè jẹ́ pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí. Bí ó bá ní àwọ̀ igi gbígbẹ, ara rẹ̀ dá.

Kí a nù ún, kí a sì wọn àlàfo rẹ̀, tí ó sábà máa ń wà láàrin 0.6 àti 0.8 mìlímítà. Kí a wá fi fìlà rẹ̀ dé e, kí ara irin rẹ̀ kan irin ẹ̀rọ, jìnnà sí epo àti sí ihò tí a ti yọ ọ́, kí a sì fa okùn. Kí a má ṣe fi ọwọ́ lásán dì í mú. Bí iná aláwọ̀ búlúù bá ta dáadáa, àìsàn náà wà níbòmíràn. Bí kò bá ta, kí a dán pulọ́ọ̀gì tuntun wò. Bí èyí náà kò bá ta, kí a já wáyà suíìṣì kúrò lára kọ́ìlì. Bí iná bá wá ta, suíìṣì tàbí wáyà rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Kí a tún un ṣe, kí a sì dá wáyà padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ kò ní ṣe é pa. Bí iná kò bá ta síbẹ̀, nígbà náà ni kí a tó fura sí kọ́ìlì.

Ìta gbangba ni kí a ti ṣe gbogbo èyí. Ẹni tí yóò fọwọ́ kan abẹ ẹ̀rọ ìgékoríko gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ fìlà pulọ́ọ̀gì. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé, nítorí afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.