Àfonífojì Odò Gájì ní Yankari

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Síbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá kan ti pẹ́ ní Báúṣì láìfojú kan àfonífojì odò Gájì, nínú igbó ìjọba Yankari tí a ṣí fún àlejò ní 1962.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá gbẹ níbòmíràn, etí odò yìí ni erin máa ń wá mumi. Ìsun Wikki, tí omi rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru, wà fún ìlúwẹ̀ẹ́. Kànga tó lé ní 100 tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ sí Dukkey sì ń jẹ́rìí pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n àwọn apẹran ti dín erin ibẹ̀ kù púpọ̀. Kí òbí tètè mú ọmọ rẹ̀ débẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé inú àlọ́ nìkan ni ọmọ náà yóò ti mọ erin.