Sítúdíò Rédíò nínú Ilé Ibùgbé Akẹ́kọ̀ọ́ tí a kò tíì Kọ́

Ní ọdún 1936, ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì, George Abraham àti David Borst, na wáyà láti yàrá dé yàrá nínú ilé ibùgbé wọn láti fi gbé ohùn kiri. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rédíò akẹ́kọ̀ọ́. Ní Nàìjíríà, Òfin 38 ti ọdún 1992 ni ó dá àjọ NBC sílẹ̀, tí ó sì fa iṣẹ́ rédíò yọ kúrò lọ́wọ́ ìjọba nìkan. Ní 2002 ni Yunifásítì Èkó gba àṣẹ tirẹ̀.

Níwọ̀n bí ilé kì í ti í tó nínú ọgbà yunifásítì, ó rọrùn láti dábàá pé kí ìsàlẹ̀ ilé ibùgbé tí a fẹ́ kọ́ di sítúdíò. Àbá náà dára, bí ó bá ti wà nínú àwòrán ilé kí a tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ariwo ń gbà wọlé. Èyí tí ó gba inú afẹ́fẹ́ kò le: ilẹ̀kùn méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn lè dín in kù. Èyí tí ó gba ara ilé ni ìṣòro. Ẹsẹ̀ tí ń sáré lókè, omi nínú páìpù, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, gbogbo wọn ni kọnkéré ń gbé dé ìdí máíkù. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a kọ́ yàrá sínú yàrá, kí ilẹ̀ àti ògiri ti inú dúró lórí rọ́bà, láìfara kan ti òde. Èyí a máa jẹ nínú gíga yàrá, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gbé àjà tí a ti dà sókè mọ́.

Ògiri lásán tún máa ń dá ohùn padà. Bí sílébù kan kò bá tíì parẹ́ kí èkejì tó dé, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò wọnú ara wọn. Ẹni tí ń ka ìròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì lè mú un mọ́ra. Ti Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Olùgbọ́ tí ó wà ní Fìdítì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kò rí ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Etí nìkan ni yóò fi ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́ àti ọkọ̀.

Bí owó bá wọ́n, rọ́bà abẹ́ ilẹ̀ yìí ni agbaṣẹ́ṣe yóò kọ́kọ́ yọ, torí ojú kò rí i. Ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹnu ọ̀nà sítúdíò pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dá dúró, kí àlejò tí a pè wá sọ̀rọ̀ lóru má baà gba iwájú yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kọjá.